Kí ló dé tí kùkúḿbà wa fi tẹ́ẹ́rẹ́: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa ní Sábó, ẹ̀yin olóúnjẹ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wa ní Ìkòròdú, ẹ kú ọjà o.

Kùkúḿbà tí a kó wá lóṣù tó kọjá kò dára. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn tẹ̀ kọrọdọ, tòmátì náà kò sì pọ̀. Màmá kan bi mí pé ṣé mo ti ń ṣahun ajílẹ̀ ni. Rárá, mà. Ìgbẹ́ adìẹ tí mo dà sílẹ̀ lọ́dún yìí ju ti èṣí lọ, omi kò sì wọ́n wọn lọ́jọ́ kan. Afẹ́fẹ́ ni wọn kò rí jẹ.

Ẹ̀bi mi ni o. Nígbà tí òjò le ní Ìmọ̀tà, a so ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ilé ọ̀rá wa méjèèjì, ìyẹn ilé tí a fi ọ̀rá bò tí a ń gbin nǹkan sí, pa, kí ìjì má fẹ́ omi wọlé, kí kòkòrò má sì ráyè. Bí òjò bá dá, tí oòrùn yọ, a kì í rántí tú u. Bẹ́ẹ̀ inú afẹ́fẹ́ ni ewé ti ń rí oúnjẹ. Kábọ́nì dáyọ́sáídì, èyí tí àwa èèyàn ń mí síta, ni ewé ń gbà wọlé láti ihò wínníwínní tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi ń gòkè bọ̀ láti gbòǹgbò, oòrùn ni iná, ewé ni ìkòkò. Ohun tí wọ́n bá sè jáde ni ṣúgà tí igi fi ń dàgbà, tó fi ń so èso. Ọ́síjìn ni ó ń tú síta fún wa.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ. Láyé àtijọ́, ọkùnrin ará Belgium kan, Jan van Helmont, gbin igi sínú ìkòkò erùpẹ̀, ó ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà fi ohun tó ju kílò 70 lọ wúwo sí i, erùpẹ̀ náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín rárá. Òun rò pé omi nìkan ló di igi. Ó gbàgbé afẹ́fẹ́, bíi tèmi. Ajílẹ̀ dà bí iyọ̀ àti ata. Inú afẹ́fẹ́ ni òkèlè ti ń wá.

Òkèlè náà kò sì pọ̀. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kábọ́nì dáyọ́sáídì yìí, tí n ó máa pè ní kábọ́nì lásán, kò ju bíi ọ̀nà 425 lọ. Nínú ilé ọ̀rá tí a tì pa, tí oòrùn mú, ewé lè fà á títí kò fi ní tó 200 mọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bó bá sún mọ́ 50, ohun tí kùkúḿbà ń sè kò ju ohun tó ń ná lọ: kò jèrè, kò pàdánù. Àwọn àgbẹ̀ Netherlands tiẹ̀ máa ń fa kábọ́nì náà wọ ilé tiwọn títí dé nǹkan bí 1,000, èso wọn a sì pọ̀ dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí n fura ni tẹ̀tẹ̀. Inú ilé kan náà ló wà, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń dán, ó ń tutù yọ̀yọ̀. Tẹ̀tẹ̀, àgbàdo àti ìrèké ní ọgbọ́n kan: wọ́n á kọ́kọ́ kó kábọ́nì jọ sí yàrá inú ewé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sè é, díẹ̀ sì ń tó wọn. Kùkúḿbà àti tòmátì kò ní yàrá bẹ́ẹ̀. Bí kábọ́nì bá wọ́n, tí ooru sì mú, ọ́síjìn ni wọ́n máa ń ṣèèṣì gbá mú dípò rẹ̀, agbára ni wọ́n á sì fi tún àṣìṣe náà ṣe.

Mo tú ẹ̀gbẹ́ ilé kan, mo fi nẹ́ẹ̀tì dí i, mo fi èkejì sílẹ̀ ní títì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá wá sóko rí ìyàtọ̀ náà. Mi ò ní sọ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni o, torí ooru náà dínkù. A ti tú méjèèjì báyìí, a sì tẹ́ koríko tó ń jẹrà sáàárín ebè, nítorí ohun tó bá ń jẹrà ń tú kábọ́nì sílẹ̀.

Bọ̀dá kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ọ̀rá, ṣebí èéfín rẹ̀ ní kábọ́nì. Ẹ ṣé, sà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kábọ́nì mọnọ́sáídì tí kò ní òórùn wà nínú èéfín yẹn, òun ló ń pa èèyàn mọ́jú nínú yàrá. Ẹ́tílíìnì, afẹ́fẹ́ mìíràn tó wà níbẹ̀, náà a máa já òdòdó tòmátì dànù.

Kùkúḿbà tuntun yóò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iye rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó bá ra àpò lóṣù tó kọjá, kó mú ìwé ìsanwó wá, a ó fi ènì agbọ̀n kékeré kan lé e. Tẹ̀tẹ̀ wà lójoojúmọ́, àmọ́ kí ẹ pè wá kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, kí ọkọ̀ wa lè jáde ṣáájú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ.

Èmi ni, àgbẹ̀ yín ní Ìmọ̀tà.