Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olúkòtún

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé àlàáfíà ni o wà. Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ sí ìparí rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, pé àwọn kan ń sọ pé ìwádìí rẹ lórí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò bá ibi tí ayé ń lọ mu. Jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olúkòtún, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fún ọ.

Yunifásítì Michigan ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì dé Stanford ní 1991. Nígbà náà, ohun tí àwọn tó ń ṣe processor ń lé kò ju kí core kan ṣoṣo, ìyẹn apá processor tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, túbọ̀ yára, bó ti wù kó díjú tó. Ní 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ìwádìí kan pé ó sàn kí a pín àyè orí chip, ègé kékeré tí wọ́n ń kọ́ processor sí, fún core mélòó kan tí kò díjú. Wọn kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Wọ́n fi irú chip méjì tí àyè wọn dọ́gba wé ara wọn, ọ̀kan ní core ńlá kan, èkejì ní core kékeré mẹ́rin. Níbi tí iṣẹ́ kò ti ṣeé pín, core ńlá ló ṣáájú, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gba ìyókù gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Hydra, processor tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Stanford, core mẹ́rin lórí chip kan. Bí wọ́n bá kọ ètò kọ̀ǹpútà kan kó máa lọ ní ẹsẹẹsẹ, kí ni core yòókù yóò máa ṣe? Hydra ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ apá tí kò tíì kàn. Bó bá wá hàn pé apá ìṣáájú ti yí ohun tí apá ẹ̀yìn kà padà, ẹ̀rọ yóò da iṣẹ́ apá ẹ̀yìn nù, yóò sì tún un ṣe. Èrò yìí wú mi lórí gan-an!

Ní 2000 ó dá ilé iṣẹ́ Afara Websystems sílẹ̀. Sun Microsystems, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, rà á ní 2002. Ibẹ̀ ni processor UltraSPARC T1, tí wọ́n ń pè ní Niagara, ti jáde ní 2005: core 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé thread 4, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ mẹ́rin. Bí thread kan bá ń dúró de ohun tó fẹ́ kà láti inú memory, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí, core yóò bọ́ sórí òmíràn, bí alásè tí kì í dúró ti ìkòkò kan títí yóò fi hó. Àní Intel, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lé kí core kan ṣoṣo túbọ̀ yára, fúnra rẹ̀ ti pa processor tí ì bá tẹ̀lé Pentium 4 tì ní 2004, nítorí ooru rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kò sinmi síbẹ̀. Ó yíjú sí bí àwọn tó ń kọ ètò yóò ṣe lo core púpọ̀ láìsí wàhálà, ó sì wà lára àwọn tó dá SambaNova, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip fún AI, sílẹ̀ ní 2017. Ní 2023 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn tó ń ṣètò bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, fi chip tìrẹ àti tiwọn sórí àyè tó dọ́gba, kí o wọn wọ́n. Fi gbogbo èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, títí kan ibi tí tìrẹ ti fìdí rẹmi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́