Fóònù kò lè kọ́ wa bí a ṣe ń dáàbò bo arúgbó

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá béèrè pé kí ni ẹni tó ti tọ́jú ìyá bàbá rẹ̀ títí màmá fi kú tún fẹ́ lọ kọ́ ní kíláàsì ìtọ́jú arúgbó. Mi ò bá a jà. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn nígbà tí mo dé Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ṣiṣẹ́ olùtọ́jú, tí wọ́n ní kí n tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ kọ́ safeguarding, ìyẹn bí a ṣe ń dáàbò bo àgbàlagbà tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Mo gba 18 nínú 20, sáfíkéètì jáde, ó tán.

Màmá kan tó ti lé lẹ́ni 80 ọdún ló tú mi fó. Fíríìjì wọn kì í ní nǹkan nínú, ọwọ́ ọmọ wọn ni káàdì báńkì wọn sì ń gbé. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í rí owó ìfẹ̀yìntì àwọn, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò ní sọ. Oṣù méjì ni mo fi pa ẹnu mọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá kó wa jọ sí kíláàsì gidi ni olùkọ́ wa, obìnrin tó ti bá káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pè mí jáde. Ó jókòó bí arúgbó, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Mo dúró bí ẹni tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó ní a kì í ṣèlérí àṣírí. A ó gbọ́, a ò ní máa bi wọ́n ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, a ó bi wọ́n ní ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́, a ó kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu wọn jáde, a ó sì sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo padà lọ wo fóònù mi: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ kọjá ni.

Òfin Care Act ti 2014, ìyẹn òfin ìtọ́jú àgbàlagbà níbẹ̀, ní abala 42, fi dandan lé e fún káńsù láti wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn, ti 2005, ní kí a gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fún ara rẹ̀ àfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Ọ̀wọ̀ wa pọ̀, àmọ́ a tètè máa ń sọ arúgbó di ọmọdé. (Mo ń pe màmá yìí ní "Mama" títí wọ́n fi ní àwọn ní orúkọ.)

Olùkọ́ náà tún sọ ti Winterbourne View, ilé ìwòsàn kan nítòsí Bristol. Ní 2011, kámẹ́rà tí BBC fi pamọ́ ká àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lu àwọn tó wà ní ìtọ́jú wọn. Ilé ẹjọ́ dá 11 lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì kan ti pariwo ṣáájú, wọn ò dá a lóhùn. Olùkọ́ wa wá béèrè: "Bó bá jẹ́ ọ̀gá yín ló ń ṣe é ńkọ́?" Àwa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, tí ìwé ìgbélùú wa so mọ́ ọ̀gá, la dákẹ́ jù. Inú ilé ni wọ́n ní ká ti máa jẹ èkúté onídodo, wọ́n sì ti kọ́ wa pé olófòófó kì í gba ẹgbàá. Olùkọ́ ní ká lọ sí káńsù, tàbí sí CQC, àjọ tó ń bẹ ilé ìtọ́jú wò. Mélòó nínú àwọn tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé arúgbó ní Èkó àti Ìbàdàn ló ń sọ ibi tí wọ́n á gbé ẹjọ́ ọ̀gá lọ fún wọn?

Mo padà lọ sọ fún màmá pé mi ò lè pa ìlérí yẹn mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn ò fi dá mi lóhùn. Ohun tí wọ́n sọ fún ẹni tí káńsù rán wá ni pé kí wọ́n má mú ọmọ àwọn, kí káàdì àwọn ṣáà padà sọ́wọ́ àwọn. Ó padà. Ọmọ náà ṣì ń wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n kò kí èmi mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìbàdàn kan ní Leeds