Orúkọ Rẹ Ni Wọ́n Fi Ṣílẹ̀kùn: Lẹ́tà Sí Ọmọ Mi Lórí Ímeèlì Àtọwọ́dọ́wọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. A ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa bí àwọn olè ṣe gba àpótí ímeèlì àǹtí rẹ nípasẹ̀ ìkìlọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹkún tí o ń sun lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n lè sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè fara balẹ̀ kà á. N kò kọ ọ́ láti fi bá ọ wí. Irú àṣìṣe tí o ṣe yẹn, èmi náà ti ṣe é rí, mo sì mọ bó ṣe ń dun ọmọlúàbí tó bá rí i pé ọwọ́ òun ni ibi gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo padà lọ ṣí ímeèlì tí o fi ránṣẹ́ náà, mo sì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ sí i kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á." Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà wà, pé àpótí ímeèlì ẹni tí kò bá fìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ láàárín wákàtí 24 yóò di títì pa, pé kí ẹni tó bá rí i tètè fi tó gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ létí, kí wọ́n sì tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló ti fi í ránṣẹ́ kí ó tó kàn ọ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó yọ orúkọ àwọn tó ṣáájú kúrò. Mo ka àdírẹ́sì tó hàn gbangba nínú rẹ̀, 83 ni wọ́n. Nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tí èmi àti ìwọ kò mọ̀ rí wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ipò tó dì mú.

O sọ fún mi pé ìwọ kò tẹ líǹkì náà, pé o ní in lọ́kàn láti tẹ̀ ẹ́ bó bá yá. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n àǹtí rẹ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tó fi kọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ sójú ewé tí kò mọ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ ọmọ wa ló ti wá. Ṣé ọmọ wa á wá tàn mí ni?" Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ wà nínú èsì yẹn. Orúkọ rẹ ni àwọn olè fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ló kọ lẹ́tà kan náà sí i, ì bá ti pa á rẹ́ láì kà á tán.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ímeèlì tó bá ní kí o fi òun ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí o mọ̀, iṣẹ́ ẹrú ló rán ọ: kò fẹ́ kí o ronú, kò fẹ́ kí o béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló fẹ́ lò. Ẹni tó bá fẹ́ fi tọmọ jẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ dúró, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò gé e kù sí ibi tó bá wúlò fún ẹni tó fẹ́ fún, tàbí kó má tilẹ̀ jẹ́ ẹ rárá.

Ní ọdún 2002, kí a tó bí ọ, ímeèlì kan dé bá mi níbi iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ó ní fáírọ́ọ̀sì kan ti wọ kọ̀ǹpútà òun, pé yóò sùn fún ọjọ́ 14 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́, pé àwọn ètò tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì kò lè rí i, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó wá fáìlì kan tó ń jẹ́ jdbgmgr.exe, tó ní àwòrán béárì kékeré kan lára. Mo wá a, mo sì rí i; àyà mi já. Mo pa á rẹ́, mo sì fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí 40 ènìyàn kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó di ọjọ́ kejì kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa tó ṣàlàyé fún mi pé fáìlì náà kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá, pé ara Windows gan-an ni, àwọn tó ń kọ ètò Java ló wà fún. Abájọ tí gbogbo ẹni tó wá a fi ń rí i: ó ti wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ wá. A dúpẹ́ pé kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ̀wé sí àwọn 40 náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn pé irọ́ ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn sì ti fi í ṣọwọ́ sí àwọn tí ọwọ́ mi kò lè tó. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ kankan kò gbé ìkìlọ̀ yẹn káàkiri. Àwa ènìyàn la fi ọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì fún un.

Àwọn iṣẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ kan wà tó jẹ́ pé àánú ni wọ́n fi ń mú ni. Ní ọdún 1989, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kókó nínú ọpọlọ, wọ́n sì bẹ aráyé pé kí wọ́n fi káàdì ìkíni ránṣẹ́ sí i. Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọdún 1991, ara rẹ̀ sì yá, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ náà kò dúró, káàdì sì ń ya wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tó fi di pé ìdílé náà ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dáwọ́ dúró. Nítorí náà, bí ímeèlì àtọwọ́dọ́wọ́ kò bá ní ọjọ́ àti ọdún lára, má ṣe fi í ránṣẹ́, bó ti wù kó fa ẹkún tó.

Àwọn tó ń ṣe malware, ìyẹn ètò tí wọ́n ṣe láti fi ba kọ̀ǹpútà jẹ́ tàbí láti fi jalè, ti mọ agbára orúkọ tipẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Melissa fara pamọ́ sínú fáìlì Word; bí ẹnì kan bá ṣí i, fáírọ́ọ̀sì náà yóò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí 50 àdírẹ́sì àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì onítọ̀hún lórí Outlook, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, àkọlé rẹ̀ yóò sì sọ pé iṣẹ́ pàtàkì láti ọ̀dọ̀ lágbájá nìyí, orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gan-an ni yóò sì wà níbi tí mo kọ lágbájá sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU ti ilẹ̀ Philippines jáde. LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs ni orúkọ fáìlì tó gbé wá. Wo ìparí orúkọ náà dáadáa. Ìwé lásán ni .TXT, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbẹ̀yìn; .vbs ni ìrù rẹ̀ gan-an, ohun tó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Windows máa ń fi irú ìrù bẹ́ẹ̀ pamọ́, nítorí náà lẹ́tà ìfẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Bí wọ́n ti ṣí i, ó ba fọ́tò wọn jẹ́, ó sì tẹ̀ síwájú sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì wọn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó dé lẹ́yìn wọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èyí tí wọ́n ń pè ní Emotet máa ń jí ímeèlì àtijọ́ kà, á sì fi èsì sí ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti ń bá bọ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú fáìlì tí o rò pé o ti ń retí. Àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mélòó kan para pọ̀ gba àwọn ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àmọ́ kí ọdún náà tó parí, ó ti tún jí dìde.

Nítorí náà, bí fáìlì bá dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí o mọ̀, tí o kò sì retí rẹ̀, pe onítọ̀hún lórí fóònù kí o tó ṣí i. Má ṣe fi èsì sí ímeèlì kan náà láti béèrè, torí pé ó lè jẹ́ olè ni yóò dá ọ lóhùn. Wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ mi síwájú àdírẹ́sì tirẹ̀. Kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: bí r àti n bá sún mọ́ ara wọn lójú fóònù, m ni ojú rẹ yóò sọ pé òun rí. Ní ti líǹkì, tẹ ìka mọ́ ọn láì gbé e kúrò, tàbí kí o gbé máòsì lé e lórí láì tẹ̀ ẹ́, kí ibi tó ń lọ lè hàn. Fo https:// tó wà níwájú, wá ìlà ìdábùú (/) àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, kí o sì kà á láti ibẹ̀ padà sí apá òsì. Orúkọ tó sún mọ́ ìlà yẹn jù lọ, pẹ̀lú .com tàbí irú rẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ni onílé. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ bánkì rẹ sí iwájú pátápátá, tí orúkọ mìíràn bá wà lẹ́bàá ìlà náà, ẹni yẹn ló ni ilé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn 83 yẹn. Spam, ìyẹn lẹ́tà tí a kò béèrè fún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1978, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì náà pọ̀ débi pé àyè tó wà fún un kún, àwọn tó ṣẹ́kù sì ṣàn wọ inú ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Inú bí àwọn tó gbà á. Lónìí, orúkọ tó ṣàn wọ inú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ọjà tí àwọn olùfiránṣẹ́ spam ń wá. Bí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 83 bá ní malware tó ń kó àdírẹ́sì, gbogbo yín ló ti kó. Àdírẹ́sì ènìyàn kì í ṣe tìrẹ láti pín. Bí o bá ní ohun tó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ lóòótọ́, kọ àdírẹ́sì tìrẹ sí àyè To, kí o sì kó ti àwọn tó kù sí àyè Bcc, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ẹnì kejì. Pa gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ́ kí o tó fi ránṣẹ́. Kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sókè, tí yóò sọ ìdí tí o fi rò pé ó kan ẹni náà. Bí o kò bá rí gbólóhùn náà kọ, ímeèlì náà kò kàn án. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ nìkan ni ẹnì kan kọ̀wé sí, gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó fi í han ẹlòmíràn. Èyí ló máa ń bí mi nínú jù, nítorí mo ti rí ọ̀rẹ́ tó fọ́ lórí rẹ̀.

Bí o bá rí ti ẹ̀tàn, má ṣe fi í ránṣẹ́ sí wa láti fi kìlọ̀ fún wa. Líǹkì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìkìlọ̀ náà. Fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ ṣàlàyé ohun tí o rí, kí o wá tẹ bọ́tìnnì tó ń fi spam sùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má ṣe tẹ ibi tó ní kí o yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ohun tí o kò forúkọ sílẹ̀ fún rí, torí yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ń ka àdírẹ́sì náà.

Ní ti àǹtí rẹ, ọkàn rẹ balẹ̀, a ti gba àpótí ímeèlì náà padà. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù, mo ní kí a wo ibi ètò ìfiránṣẹ́ aládàáṣe, a sì bá àdírẹ́sì àjèjì kan níbẹ̀: gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé sí i, ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olè, páásìwọ́ọ̀dù tuntun kò sì dí i lọ́wọ́. A pa á rẹ́, a lé gbogbo ẹ̀rọ tó kù jáde, a sì tan ìfìdímúlẹ̀ onígbésẹ̀ méjì, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páásìwọ́ọ̀dù.

Ìwọ náà, ṣí àpótí tìrẹ lálẹ́ òní, kí o wo ibẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí o fi ìkìlọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí, nínú Bcc, kí o sì sọ ọ́ gbangba: "Ẹ jọ̀wọ́, ìkìlọ̀ tí mo fi ṣọwọ́ sí yín kì í ṣe òótọ́. Ẹ má ṣe tẹ líǹkì inú rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ pè mí lórí fóònù, kí n sọ ohun tí ẹ ó ṣe." Pe àǹtí rẹ ní tìrẹ, má ṣe kọ̀wé sí i. Ó ń retí ohùn rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ