Ìpenipadà: iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀

Sí Olóòtú,

Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, bí aṣòfin bá ti sú èèyàn, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "ẹ jẹ́ ká pè é padà," ìyẹn ni pé ká yọ ọ́ nípò kí sáà rẹ̀ tó pé. Òfin gbà á lóòótọ́: abala 69 ìwé òfin 1999 wà fún àwọn tó wà l'Ábújá, abala 110 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò àgbègbè náà lọ tó máa fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìdajì àwọn tó jáde dìbò. Òkú àti ẹni tó ti kó lọ sí Èkó ṣì wà nínú ìwé yẹn o! Bí ó bá pé, àjọ INEC á yẹ̀ ẹ́ wò, ìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ á sì wáyé láàárín 90 ọjọ́.

Ibi àyẹ̀wò ló ti ń dàrú. Lọ́dún 2018 ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, nígbà tí wọ́n fẹ́ pe sẹ́nétọ̀ wọn padà, orúkọ 189,870 ló wà lórí ìwé ìpenipadà náà. 18,742 péré ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ yọjú fúnra rẹ̀ níbùdó ìdìbò rẹ̀. Kí àwọn tó bá fẹ́ pe aṣòfin padà kọ́kọ́ gba ìwé olùdìbò ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó máa gba ìbuwọ́lùwé kiri ọjà.

Èèyàn nìkan la sì lè pè padà, a ò lè pe òfin. Ní Switzerland, ìbuwọ́lùwé 50,000 láàárín 100 ọjọ́ ti tó láti gbé òfin tuntun síwájú ará ìlú kí wọ́n dìbò lé e. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí àwọn aṣòfin wa fi kún àtúnṣe ìwé òfin.

Olùkàwé yín,
Ọ̀fà