Ìwé Iṣẹ́ Ọmọ Ni Kí Ẹ Wò, Kì í Ṣe Ọ̀dà Ara Ògiri

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti Kábà dé Ìsánlú, bí táàmù bá ti ń lọ sópin ni àwọn òbí máa ń béèrè ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dáa. Ọ̀dà tuntun, bẹ́ńṣì, àti iye ọmọ tó yege nínú kọ́mọ́n ẹ́ńtíránsì ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Kò sí èyí tó sọ ohun tó wà lágbárí ọmọ nínú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwọn tó mọ̀wé nìkan ni wọ́n ń fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdánwò náà. Ọmọ tí kò lè kàwé kò sí lára àwọn tí wọ́n kà.

Ìwé iṣẹ́ ọmọ ni kí ẹ gbé. Ẹ mú ìwé ìṣirò ọmọ 3 ní kíláàsì kẹrin: ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lára àwọn tó ń rẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni ìṣirò yẹ kó wáyé. Bí ọ̀sẹ̀ 10 bá ti lọ tí iṣẹ́ inú ìwé kò pé 20, ẹ béèrè ibi tí ọjọ́ yòókù wọlé sí. Ẹ wo gègé pupa náà. Bí tíṣà bá ti fa àmì pé kò gbà, ṣé ọmọ ṣe àtúnṣe sí abẹ́ rẹ̀, ṣé tíṣà sì padà wò ó? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ wà.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń tú àṣírí kíláàsì. Ẹ ní kí ọmọ yọ 17 kúrò nínú 42. Bó bá kọ 35 dípò 25, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n yọ. Ó yọ 1 kúrò nínú 4, ó wá dé ibi 2 àti 7, ó yí wọn padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7, torí wọ́n ti sọ fún un pé kékeré là ń yọ kúrò nínú ńlá. Kò tíì yé e pé 4 iwájú yẹn, ẹ̀wá mẹ́rin ni. Bí ọmọ kan péré bá kọ ọ́, ó lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bí ìdajì kíláàsì bá kọ 35, ẹ̀kọ́ ti wọ́ láti kíláàsì kejì. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: ọwọ̀ kan tó. Ẹ ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kó gùn dọ́gba, ẹ fi rọ́bà di í ní 10, 10. Dì 4 àti ẹyọ 2 ni 42. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ mú 7 kúrò, òun fúnra rẹ̀ á rí i pé àfi kóun tú dì kan. Kó tú u títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, kó tó padà sí ìwé.

Ní ti ìwé kíkà, ẹ má lo ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì. Wọ́n ti há a sórí. Ẹ kọ gbólóhùn 5 tuntun sórí páálí, ẹ pe ọmọ kíláàsì kẹta lọ́kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ igi kí àwọn yòókù má baà gbọ́. Kó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Bí ìka bá wà níbì kan tí ẹnu ti kọjá, àkọ́sórí ni. Bí gbólóhùn bá le fún un, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí lẹ́tà. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń yẹ àwọn ọmọ wò báyìí láti ilé dé ilé ní Íńdíà. Ẹ wá bi í ní ìbéèrè 2 lórí ohun tó kà, kó sì dáhùn ní èdè ilé rẹ̀, ìyẹn Ọ̀wẹ̀, Yàgbà tàbí Bùnú, bó bá wù ú. Ọmọ tó yé tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́, àti ọmọ tí kò yé rárá, ìtọ́jú wọn kò papọ̀. Bó bá sì fi ohùn ilé rẹ̀ pe Yorùbá inú ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àṣìkà.

Rẹ́jísítà nìkan kò tó. Ẹ ka orí àwọn ọmọ ní aago 10, ẹ fi wé ohun tí wọ́n kọ. Ẹ kà á lọ́jọ́ ọjà, ẹ sì kà á lásìkò kajú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣa kajú lóko. Ilé ẹ̀kọ́ tó mọ iṣẹ́ á kọ ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀, á sì tún un kọ́ nígbà tí kajú bá tán.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní kí olùkọ́ kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ. Lábúlé, iye yẹn lè pé lórí ìwé, kí olùkọ́ kan ṣoṣo sì máa sáré láàárín kíláàsì kìíní àti ìkejì. Ẹ béèrè iye yàrá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe iye ọmọ nìkan.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ bá wa tẹ gbólóhùn Yorùbá 5 àti ìṣirò 3, ní lẹ́tà gbàǹgbà, sí igun ìwé ìròyìn yín, kí àwọn òbí àti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lè gé e sọ́wọ́. Kí ó máa yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà, torí bí àwọn ọmọ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á há a sórí.

Àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.