Platinum ti jókòó síbi tó yẹ ẹ́

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mi ò fẹ́ kọ̀wé sí ọ títí kátálíìsì wa, ohun tó ń mú kí epo tètè yí padà, á fi gbọ́ràn. Ó ti gbọ́ o!

O rántí pé a máa ń ṣe wàhálà kí irin platinum lè wọ inú ihò zeolite, ìyẹ̀fun oníhò wínníwínní tó ní ásíìdì nínú, kó lè sún mọ́ ásíìdì ibẹ̀ dáadáa. Platinum á já hydrogen lára epo, ásíìdì á sọ okùn epo tó gùn gbọọrọ di ẹlẹ́ka, platinum á tún dá hydrogen padà. Láti 1962 ni Weisz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti sọ pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Àṣé ìsúnmọ́ra náà lè pọ̀ jù! Zečević àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2015 pé bí platinum bá wà lórí alumina, ìyẹ̀fun funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ zeolite, epo kì í fọ́ wẹ́wẹ́ tó ti ìgbà tó bá wà nínú zeolite gan-an.

Iyọ̀ platinum tí a bá lò ló ń pinnu ibi tó máa lọ. Èyí tó ru ammonia ni zeolite ń gbé mì. Èyí tó ru chlorine, alumina ló ń dì mọ́, bí omi rẹ̀ bá ti ní ásíìdì.

Torí náà, alumina nìkan ni mo kọ́kọ́ rin, kí n tó pò ó mọ́ zeolite. Mo ti wọn iye omi tó lè fà mu. Mo ń kán omi iyọ̀ tó ru chlorine sí i, mo ń rò ó, ó ṣì ń fò bí ìyẹ̀fun gbígbẹ, àfi àwọ̀ ọsàn tó ń mú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kán kan péré ló kù, gbogbo rẹ̀ bá ṣù mọ́ ara wọn lójijì, ó ń dán. Mo dúró níbẹ̀.

Ìkánjú ló bà á jẹ́ nígbà tó kọjá, Délé: iná wa yára jù, platinum ṣù pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbẹ ẹ́ nínú ooru ìwọ̀n 120 ti Celsius mọ́jú, mo wá ń fi ìwọ̀n 2 kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé 450. Lẹ́yìn tí hydrogen kọjá lára rẹ̀, ó di aláwọ̀ eérú. Nínú máíkírósíkóòpù, tóótòòtó dúdú kéékèèké ni mo rí, bíi nànómítà 2, kò sí èyí tó gun èkejì. Mo pẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà, mi ò lè gbójú kúrò.

Mo ti fi giramu 2 pamọ́ fún ọ sínú ìgò. Fi decane, ọ̀kan lára àwọn epo náà, dán an wò, kí o sọ iye tó fọ́ fún mi.

Èmi ni,
Bísí