Ẹ yọ tòmátì kúrò nínú adobo

Olóòtú wa,

Òkun o. Mo ka ojú ìwé oúnjẹ yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti kọ́ wa bí a ṣe ń se adobo, oúnjẹ àwọn ará Filipínì. Inú mi ń dùn bọ̀, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ká lọ tòmátì, tàtàsé àti ata rodo, ká dín in, ká da kọ́rì àti táìmù sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ ata tiwa nìyẹn. Kí ló wá kù níbẹ̀ tó jẹ́ ti Filipínì?

Ọkọ mi kékeré, àbúrò bàálé mi, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará Filipínì pọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn káàkiri ayé, inú abọ́ wọn ló sì ti mọ oúnjẹ wọn kó tó kọ́ mi. Ohun tí a kò bá rí ní ọjà Kàbà, a ń fi tiwa rọ́pò. Ṣùgbọ́n adobo gbọ́dọ̀ kan. Èyí tí kò bá kan, kí wọ́n fún un lórúkọ mìíràn.

Fínígà ló ń mú un kan. Àwọn náà ń dá ẹmu lára igi àgbọn, tuba ni wọ́n ń pè é. Bó bá kan tán, ó di fínígà ìdáná. Ta ló fẹ́ kọ́ ará Kàbà pé ẹmu ń kan? Èyí tó bá ṣẹ́kù nílé mi, inú ìgò ni mò ń dà á sí, màá fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kan dáadáa. Sóyà sọ́ọ̀sì kì í ṣe dandan; adobo funfun wà tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń se é. Adìẹ gígé, aáyù tí a fi ọmọ ọlọ fọ́ (ẹ má ṣahun sí i, odidi orí kan kò pọ̀ jù), ìyèré díẹ̀, iyọ̀, ife ẹmu kíkan kan, ife omi kan. Ẹ gbé e kaná, ẹ má sì rò ó rárá títí yóò fi hó dáadáa, kí òórùn tó ń gún ni nímú yẹn lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi gbẹ títí ọ̀rá adìẹ yóò fi yọ, tí ẹran á máa pọ́n nínú rẹ̀. Ìrẹsì funfun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ mi ń lá abọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ se ẹ̀gúsí òun.

Tinola, ọbẹ̀ adìẹ wọn tó lómi, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: adìẹ, àlùbọ́sà, atalẹ̀ tó pọ̀, ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, ewé mòríńgà nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mòríńgà yìí gan-an ni wọ́n ń lò, irú èyí tó hù lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Nígbà ọyẹ́, kò sí ohun tó dà bí omi rẹ̀ gbígbóná.

Kare-kare, ọbẹ̀ ẹlẹ́pàá wọn, ni kò gbọ́ tèmi. Mi ò rí bagoong, ẹdẹ oníyọ̀ wọn tó ti kan, mo bá fi irú àti ẹdẹ gígún ṣe é. Ó ṣeé jẹ, àmọ́ ọkọ mi kékeré kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń kọ ojú ìwé náà pé kó tún adobo yẹn tẹ̀ láìsí tòmátì. Bó bá sì di ti sinigang, ọbẹ̀ kíkan wọn, àjàgbọn tí àwọn Haúsá ń tà lọ́jà ni kó lò, kó fi mágí sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ, Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí